Ọdẹ́jìnmí àti Ìṣẹ́gun Kọkànlélọ́gbọ̀n ní Ìlú Omi-Dídì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná, kí ó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ń wò mí bí arúgbó tí eyín mẹ́rin ṣẹ́kù sí lẹ́nu, ṣùgbọ́n eyín mẹ́rin yìí ni mo fi já okùn tí iwin fi dè mí mọ́ ìdí ìrókò, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú yín kò lè fi méjìlélọ́gbọ̀n já okùn àpò. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jìnmí ọmọ Akínlàbí, ẹni tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ó lọ bá àwọn baba rẹ̀. Kò fi ibi tí ó ti ṣe ohun ìtìjú pamọ́ fún mi, èmi náà kò sì ní í fi í pamọ́ fún yín.

Ní Òkè-Ìràwé nígbà náà, bí a bá ní ‘ọdẹ’ láìdárúkọ, Ọdẹ́jìnmí ni a ń wí. Ó ti pa erin méjì. Ó ti bá ẹfọ̀n jà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ẹfọ̀n ni ó sì rẹ̀. Àbúrò kan ni ó ní, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ń jẹ́ Ìgè. Ẹ mọ ìdí tí a fi ń sọ ọmọ ní Ìgè: ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ sí ayé kí orí tó tẹ̀ lé e. Ọdẹ́jìnmí ni ó kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan, bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran, bí a ti ń fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu irin wò kí a tó fọkàn tán an, bí a ti ń dijú fetí sílẹ̀ nínú igbó. Ìgè ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ kì í jókòó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó. Àgbà ń lọ níwájú, àbúrò ń tẹ̀ lé e, ayé wọn sì gún.

Ní ọdún kan, ibà wọ ìlú. Kì í ṣe ibà tí àgbo ń lé, kì í tètè pa ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ. Ara ènìyàn á gbóná títí omi tí a bá dà sí i lórí á fi máa hó. Ó mú àgbà, ó mú ọmọdé, ó mú Adùnọlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọdẹ́jìnmí bí. Ọba wá ránṣẹ́ pe ọdẹ náà.

Ó ní, “Àwọn baba wa sọ pé ní ìpẹ̀kun ayé ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ìlú Omi-Dídì. Òkúta yìnyín kan wà níbẹ̀ tí oòrùn kò lè yọ́. Bí a bá sọ ọ́ sínú kànga, ẹni tí ó bá mu omi kànga náà, ibà á fi í sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí, ta ni n ó rán bí kò ṣe ìwọ?”

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀. Ó mú ìbọn rẹ̀, ó mú òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí Ìgè gbé ẹrù tẹ̀ lé òun.

Igbó àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀ ni Igbó Apenilórúkọ. Àwọn igi ibẹ̀ a máa fi ohùn òkú ẹni pe ẹni, ẹni tí ó bá sì dáhùn, ibẹ̀ ni á ti ta gbòǹgbò. Ọdẹ́jìnmí fi ìda oyin dí etí ara rẹ̀, ó fi dí ti Ìgè. Síbẹ̀, ó rí ẹnu àwọn igi náà tí ń mì, ó rí i pé ọ̀kan ń pe orúkọ tí ìyá wọn nìkan ṣoṣo ń pè é. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ó di ọwọ́ Ìgè mú ṣinṣin títí wọ́n fi jáde, tí wọ́n sì yọ ìda náà kúrò létí. Lọ́jọ́ náà òun ṣì ni àgbà.

Níbi tí igbó náà parí sí, iwin kan tí a ń pè ní Onílẹ̀kùn dábùú ọ̀nà. Ẹnu méjì ni ó ní, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Omi kan wà tí àáké ń gé. A lè fi aṣọ gbé e kí ó má jò. Ẹsẹ̀ lè dúró lé e lórí kí ó má rì. Kí ni orúkọ rẹ̀? Bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú yín di tèmi.”

Ọdẹ́jìnmí ronú jinlẹ̀ bí àgbà. Ó ní, “Omi inú àgbọn ni.” Ẹnu kejì rẹ́rìn-ín. Ó tún ronú, ó ní, “Omi tí ń bẹ nínú ọ̀pẹ ni.” Ẹnu kejì tún rẹ́rìn-ín, iwin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í na èékánná rẹ̀.

Ìgè ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ wò.” Ó yíjú sí iwin náà. “Yìnyín ni. Èyí tí ó máa ń bá òjò rọ̀ nígbà mìíràn, tí a máa ń ṣà jẹ kí ó tó yọ́.”

Ẹnu méjèèjì dákẹ́. Iwin náà ṣí ọ̀nà, ó sì tẹríba. Ìgè ni ó kọjú sí nígbà tí ó ní, “Ọdẹ ńlá, máa kọjá.”

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọdẹ́jìnmí ní òun kò bínú. Ó kàn dà bí egungun ẹja tín-ín-rín tí ó há sí ọ̀fun, tí ẹni gbé mì, tí kò lọ, tí kò sì padà.

Báyìí ni wọ́n dé Ìlú Omi-Dídì. Èémí ènìyàn a máa rú bí èéfín níbẹ̀, irùngbọ̀n àgbà a sì máa dún ṣaworo bí ó bá mi orí. Obìnrin ni ọba wọn, Yèyé Atutù ni orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó ní:

“Òkúta náà wà. Ìdí ife-ẹ̀yẹ ni ó lẹ̀ mọ́, àwa kò sì lò ó fún nǹkankan, òtútù tiwa ti tó wa. Ṣùgbọ́n ife náà kì í gbé ọwọ́ ọba. Ìlú méjìlá ń du ú nínú eré orí yìnyín. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní òpin ọdún ni ó ń gbé e, òun nìkan ni ó sì lè mú ohunkóhun nínú rẹ̀. Ọdún méje nìyí tí ẹgbẹ́ tiwa, Ẹgbẹ́ Ìkookò, ti ń gba ipò ìkẹyìn.”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Kábíyèsí, kí ẹ fi wá sínú ẹgbẹ́ náà.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ti rí, ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ojú yín kò rí ni ó pọ̀ jù láyé. Odò ńlá kan wà láàárín ìlú tí ó dì gbagidi, tí ó ń dán bí àwo. Ènìyàn mẹ́fà ní ìhà kan, mẹ́fà ní ìhà kejì. Abẹ irin wà ní ìsàlẹ̀ bàtà wọn, wọn a sì máa fi yọ̀ lórí yìnyín náà bí ejò tí ń sáré lójú omi. Ọ̀pá gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń lé ni rọ́bà dúdú kan tí ó rí bí àkàrà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀n kan wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan tí aṣọ́lé ń ṣọ́; ẹni tí ó bá gbá Pẹlẹbẹ kọjá aṣọ́lé wọ inú àwọ̀n náà ti jẹ góòlù kan. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe, wọn a sì máa sinmi láàárín. Ẹni tí ó bá rú òfin, wọn á tì í mọ́ àhámọ́ onígi kan létí odò, á jókòó sínú rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí ó jẹ iṣu oníṣu, gbogbo ayé á máa wò ó. Iṣẹ́ ni fún wọn, kì í ṣe ìdárayá. Àwọn eléré náà kò ní oko, wọn kò ní ìsọ̀. Eré yìí ni ìlú fi ń bọ́ wọn.

Ojúkan ni olùkọ́ Ẹgbẹ́ Ìkookò, iwin olójú kan ṣoṣo níwájú orí, tí fèrè kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kó bàtà fún àwọn àlejò méjèèjì. Ọdẹ́jìnmí ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nítorí òun ni àgbà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ṣubú. Ó dìde, ó gbé tòsì, ó fi ìdí lélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni ẹni tí ó pa erin méjì ṣubú ní òwúrọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á fún mi. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín títí èémí wọn fi bo odò bí ìkùukùu.

Lẹ́yìn náà ni Ìgè bọ́ sórí yìnyín. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ó na apá, ó sì lọ. Ó lọ dé òkè odò, ó yípo, ó padà wá, kò sì mí ju bí ó ti máa ń mí lọ.

Ojúkan yọ fèrè lẹ́nu. “Èyí kì í rìn,” ni ó wí, “ó ń ṣàn.” Ó wá wo ẹni tí ó jókòó sílẹ̀ tí ó ń gbọn yìnyín kúrò lára ṣòkòtò. “Ìwọ ńkọ́? Kí ni o lè ṣe?”

Láti ọjọ́ tí Ọdẹ́jìnmí ti di géńdé, ẹnì kan kò bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó ní, “Mo mọ irin.”

“Ó dára. Ìwọ ni ó máa pọ́n abẹ bàtà wọn.”

Bí ó ti di apọ́nbẹ nìyẹn.

Eré mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́dún, kí àwọn méjì tí ó ta yọ tó wá pàdé fún ife. Mẹ́ta àkọ́kọ́, Ìgè kò tíì mọ òfin, Ojúkan kò lò ó, Ìkookò sì fìdí rẹmi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìkẹrin ó wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò mọ ohun tí a ń pè ní ìjákulẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣẹ́gun márùn-ún, wọ́n ṣẹ́gun mẹ́wàá. Wọ́n lọ sí Ìlú Aláìlẹ́nu, níbi tí àwọn òǹwòran kò ti ní ẹnu tí wọn á fi pariwo, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi janlẹ̀, wọ́n sì janlẹ̀ títí yìnyín fi là sí méjì; Ìgè fo yàrà náà pẹ̀lú Pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, ó sì jẹ góòlù ní òdìkejì. Wọ́n lọ sí Ìlú Dígí, níbi tí yìnyín ti ń fi àwòrán ènìyàn han ènìyàn, tí gbogbo Ìkookò ń lé òjìji ara wọn kiri bí ajá tí ń lé ìrù. Ìgè di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó fetí sí ìró Pẹlẹbẹ lórí yìnyín, ó tẹ̀ lé e, ó gbá a wọlé.

Ọdẹ́jìnmí wà létí odò lọ́jọ́ náà, ó di bàtà mẹ́ta mú láyà. Ta ni ó kọ́ ọ láti dijú fetí sílẹ̀? Nínú igbó Òkè-Ìràwé, ta ni ó so aṣọ mọ́ ojú rẹ̀ tí ó ní kí ó tọ́ka sí ibi tí etu wà? Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin pé:

*Ìgè ẹlẹ́sẹ̀ omi,*
*ẹni tí kò lójú tí ó ríran jù wá lọ.*

Ó wò wọ́n, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Ọgbọ́n mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá.”

Kí n má purọ́ fún yín, iṣẹ́ apọ́nbẹ náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ọdẹ́jìnmí wo irin náà, ó wo yìnyín, ó sì rí i pé bí a bá gbẹ́ àárín abẹ nù díẹ̀ kí etí rẹ̀ méjèèjì lè mú, bàtà á gbá yìnyín mú nígbà tí eléré bá ń yí. Kò sí apọ́nbẹ kankan nínú ìlú méjìlá náà tí ó mọ èyí. Nítorí náà ni Ìkookò ṣe ń yí níbi tí àwọn mìíràn ti ń ṣubú. Ìgè mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e sókè, á nawọ́ sí etí odò, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń pọ́n irin náà o.” Kò sí ẹni tí ń gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ìyẹn gan-an ni ó ń dun Ọdẹ́jìnmí jù. Ẹni tí ó bá jà wá lólè, a lè bú u. Ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá tiwa padà fún wa, tí wọn kò sì gbọ́, báwo ni a ó ti bú u?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdẹ́jìnmí a máa pa òwe náà fún ara rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ó bá nìkan jáde sórí odò. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgè pàápàá kò mọ̀. Ó ní bàtà kan tí ó pọ́n fún ara rẹ̀, tí ó mú ju ti gbogbo wọn lọ. Ojoojúmọ́ ni ó ń wọ̀ ọ́ kí ìlú tó jí, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó ti lè dúró, ó ti lè lọ, ó ti lè padà. Ojúkan rí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn eléré, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́. Ọdẹ́jìnmí retí kí wọ́n pè é. Wọn kò pè é.

Òpó kan wà níwájú ààfin tí ń jẹ́ Òpó Ìrántí. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára rẹ̀ pé ẹgbẹ́ kan láyé àtijọ́ ṣẹ́gun ní ọgbọ̀n ìgbà nínú ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rékọjá rẹ̀. Nígbà tí Ìkookò parí eré mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wọn, ọgbọ̀n ni wọ́n ti ṣẹ́gun. Ó ku eré ife, àwọn àti Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n. Bí wọ́n bá borí, ìṣẹ́gun kọkànlélọ́gbọ̀n nìyẹn, ife di tiwọn, òkúta di ti Òkè-Ìràwé, a ó sì gbẹ́ òpó tuntun. Yèyé Atutù fi aṣọ onírun ìkookò bo èjìká Ìgè níwájú gbogbo ìlú. Ọmọdé méjìdínlógún ni wọ́n sọ ní Ìgè ní oṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé nínú wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré ife, Ọdẹ́jìnmí jókòó sídìí òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀, bàtà Ìgè wà lórí itan rẹ̀. Ohun tí ó ń rò ni ọ̀nà ilé. Ó rí ẹnubodè Òkè-Ìràwé, ó rí àwọn ènìyàn tí ó tú jáde, ó gbọ́ wọn tí wọ́n ń bèèrè pé, “Ta ni ó gba òkúta náà?” Ó sì gbọ́ ìdáhùn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá ní ‘ọdẹ’ láìdárúkọ, kì í ṣe òun ni wọn á máa wí mọ́.

Ó ní nínú ara rẹ̀, kí Ìgè ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré. Kí wọ́n rí i pé ènìyàn ni. Àwọn márùn-ún yòókù á borí láìsí i. Ó yí bàtà ọ̀tún padà, ó sì fi òkúta náà ha etí inú abẹ rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kú. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ó nu bàtà náà dáadáa, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Iwin kan tí ń jẹ́ Alápámẹ́fà ni aṣọ́lé Ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n, ọwọ́ mẹ́fà ni ó sì fi ń mú Pẹlẹbẹ bí ẹni tí ń ṣa èso. Ìgè yí sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó tún yí, ó tún yẹ̀. Ẹfọ̀n jẹ góòlù kan. Nígbà tí wọ́n sinmi, Ìgè wá jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e lórúnkún. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu abẹ náà, bí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Ẹ̀gbọ́n, irin yìí kò mú.”

Ó ṣeé tún ṣe nígbà náà. Òkúta ìpọ́nbẹ wà lápò. Ọdẹ́jìnmí la ẹnu, ohun tí ó jáde ni pé, “Yìnyín òní ni ó le.”

Ìgè wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé òun ti wo ojú ẹkùn rí, òun kò gbójú kúrò; lọ́jọ́ náà òun wo bàtà.

Ìgè ní, “Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni.” Ó so okùn bàtà, ó padà sórí yìnyín.

Kò pẹ́ tí ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ ni ó gba Pẹlẹbẹ, tí ó sáré, tí ó fẹ́ yí níwájú Alápámẹ́fà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fò lọ. Ó fi àyà gbá pákó etí odò, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e kúrò, Ẹfọ̀n ti jẹ ìkejì. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ létí odò, Ojúkan fa bàtà ọ̀tún yọ, ó fi ojú kan ṣoṣo náà wò ó.

Ó ní, “Abẹ yìí ti kú. Ta ni ó ṣe é?”

Ìgè ní, “Èmi ni. Mo fi tẹ òkúta lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ gbọ́ ohun tí ó wá sí ọkàn Ọdẹ́jìnmí nígbà náà. Kì í ṣe ọpẹ́. Kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Ó ní, “Níbi oore pàápàá, ó tún jù mí lọ.” Ìlara burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi ìdáríjì ṣe oúnjẹ jẹ.

Ojúkan yíjú sí i. “Apọ́nbẹ, wọ bàtà rẹ. Ìwọ ni ó kù.”

Ohun tí ó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó wọ bàtà rẹ̀ tí ó mú ju ti gbogbo wọn lọ, ó bọ́ sórí yìnyín níwájú ìlú méjìlá. Kò ṣubú. Ó lọ síwájú, Pẹlẹbẹ wá bá a, ó gbá a sí ẹnìkejì rẹ̀, ó rí i pé ó dé ibi tí òun rán an. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lójú. Fún bíi mímí mẹ́wàá, ó ní òun kò mọ ìgbà tí inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Àwọn òǹwòran kò pàtẹ́wọ́, wọn kò bú u, wọ́n kàn ń na ọrùn wo ibi tí Ìgè dùbúlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni géńdé Ẹfọ̀n kan gba Pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni gba iṣu lọ́wọ́ afọ́jú. Ọdẹ́jìnmí yípadà láti lé e. Ó lé e títí, kò bá a. Góòlù kẹta wọlé.

Tábìlì kan wà ní òdìkejì odò tí wọ́n gbé ife lé. Òkúta náà ń tàn ní ìdí rẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọdẹ́jìnmí wò ó, ó sì rántí pé òun ní ọmọ kan nílé tí omi ń hó lórí rẹ̀. Ó ní ó tó ọjọ́ mọ́kànlá tí òun kò ti rántí Adùnọlá. Èyí ni ó bà á lẹ́rù ju gbogbo ohun tí ó rí nínú igbó.

Ìpele kejì parí. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bàtà ara rẹ̀.

Ó ní, “Ìgè, na ẹsẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni olùkọ́ ní kí ẹ ṣeré.”

“Mo ní kí o na ẹsẹ̀. Ìyá kan ni ó bí wa, ẹsẹ̀ wa kò ju ara wọn lọ.” Ó so bàtà náà mọ́ ẹsẹ̀ Ìgè, ó so okùn rẹ̀ lọ́nà méjì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọjú sí Ojúkan àti gbogbo ẹgbẹ́. “Kò tẹ òkúta kankan. Èmi ni mo pa abẹ rẹ̀. Ìlara ni mo fi ṣe é. Ó mọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.”

Ẹnì kan nínú wọn gbé ọ̀pá sókè. Ojúkan dá a dúró. Ó ní, “Àwọn tí ó ṣẹ àwọn ẹlòmíràn ni a ń tì mọ́ àhámọ́. A kò ní òfin fún ẹni tí ó ṣẹ ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀, máa lọ síbẹ̀.”

Àhámọ́ náà wà ní òdìkejì odò. Ọdẹ́jìnmí kò ní bàtà mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rin orí yìnyín kọjá níwájú ìlú méjìlá, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ya. Ó jókòó, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni ó ti rí ìpele kẹta. Ìgè di egungun ìhà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ọ̀pá. Ó yí, yìnyín sì gbá a mú. Ó jẹ góòlù kan láàárín ẹsẹ̀ Alápámẹ́fà. Ó fa ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ọ̀tún, ó ti Pẹlẹbẹ fún ẹnìkejì rẹ̀ ní òsì, ó di méjì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó di mẹ́ta sí mẹ́ta. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn kù díẹ̀ kí ó dún, ó gba Pẹlẹbẹ ní ìsàlẹ̀ odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọdẹ́jìnmí rí i pé ó ti di ojú. Ó kọjá ẹni kìíní, ó kọjá ẹni kejì. Ọdẹ́jìnmí náà di ojú tirẹ̀ nínú àhámọ́, ó fetí sí irin tí òun pọ́n. Ó gbọ́ ọ tí ó ń gé yìnyín, tín-ín-rín, láìyẹ̀, títí àwọ̀n fi mì.

Ìṣẹ́gun kọkànlélọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ mì. Wọ́n gbẹ́ òpó tuntun lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sí i, ti Ìgè lókè pátápátá. Àwọn kan ní kí wọ́n má kọ ti apọ́nbẹ. Ojúkan ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ó ti rí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ ti lọ débẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi pa á, bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́ ẹ lọ wò ó: *Ọdẹ́jìnmí, ó pọ́n irin, ó ba irin jẹ́, ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀.*

Wọ́n tú òkúta náà kúrò ní ìdí ife, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Ní ọjọ́ kan ṣáá ni Ọdẹ́jìnmí ní, “Èé ṣe tí o fi padà sórí yìnyín, nígbà tí o ti mọ̀?” Ìgè ní, “Mo rò pé bí mo bá ṣubú, inú yín á rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ padà di ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n dé. Wọ́n sọ òkúta sínú kànga, omi náà kígbe ṣíì, ibà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò nílùú láti ilé dé ilé. Adùnọlá dìde, ó ní ebi ń pa òun. Ní ọjọ́ keje, ọba jókòó lójúde, gbogbo ìlú pé, wọ́n sì bèèrè ohun tí wọ́n ń bèèrè: “Ta ni ó gba òkúta náà?”

Ìgè bẹ̀rẹ̀: “Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni a jọ—”

Ọdẹ́jìnmí gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ìgè ni.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rù erin méjèèjì tí òun pa kò tó ti ọ̀rọ̀ méjì náà. Kí ẹ má sì rò pé ìlara kú lọ́jọ́ náà. Kò kú. Ó ní ó dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òun bí ajá ògbólógbòó ni. Bí wọ́n bá ń kọrin Ìgè níbi ìpàdé ọdẹ, á gbé orí sókè, á kùn. Ọdẹ́jìnmí á sì sọ fún un pé kí ó sùn, á wá la ẹnu, á máa gbe orin náà pẹ̀lú wọn, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ti burú tó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó fi gbè é.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹsẹ̀ ìtàn ti kan ilẹ̀kùn ilé. Kí oníkálukú máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀.